Bí Àgbà Bá Ṣubú: Ìtàn Ìṣirò Wa Lẹ́nu Ọ̀nà Ife Àgbáyé

Kò sí oníṣirò tó le tó olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Ẹni tó ti gbàgbé ìlọ́po mẹ́jọ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré kí a mọ ẹni tí yóò lọ síbi ìdíje Ife Àgbáyé, ẹ ó rí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe máa ń jí. "Tí a bá na àwọn wọ̀nyí ní méjì, tí àwọn tọ̀hún bá ta ọ̀mì, a ti wọlé nìyẹn." "Rárá o, ìyàtọ̀ góòlù ni wọ́n máa wò." Ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ní gáréèjì, nídìí àtẹ ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn ti ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láì rà á, gbogbo wa la máa ń di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò. Àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti tó àkókò tí Nàìjíríà máa ń gbé ẹ̀rọ ìṣirò jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé mo máa ń sọ ní kíláàsì pé ìtàn kì í ṣe ti ọba àti ti ogun nìkan. Ohun tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn bá jókòó tì, tí wọ́n ń rò ó, tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí, tí wọ́n sì ń sunkún nítorí rẹ̀, ìtàn ni. Nítorí náà, ìṣirò yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọmọdé la ti ń ṣe láti ọdún 1977. Ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì nìkan la máa ń kà, lẹ́yìn náà a ó wá ẹnì kan tí a ó di gbogbo ẹrù lé lórí. Ẹni tó bá mú tábìlì kan náà, tó kà á láti òkè, ẹjọ́ mìíràn ni yóò dá.

Ìdí tí ìṣirò náà fi máa ń gbóná

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹnu ọ̀nà náà há. Fún ìdíje ọdún 1966, FIFA kò fún Áfíríkà ní àyè kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè níbí ṣì ní láti lọ bá ẹlòmíràn láti ìhà Éṣíà dù ú. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bínú, wọ́n yọ ara wọn kúrò. Ìbínú náà so èso. Ní 1970, Áfíríkà gba àyè kan, Mòrókò ló lò ó. Ní 1974, Zaire ló lọ. Ó di 1982 kí àyè tó di méjì, ó di 1994 kó tó di mẹ́ta, ó di 1998 kó tó di márùn-ún. Ẹ rò ó wò ná: àyè kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ nítorí góòlù kan, ọdún mẹ́rin gbáko ni yóò fi máa rò ó.

Ìdí kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní orílẹ̀-èdè wa, ìkànìyàn tàbí ìkàbò tí ará ìlú lè fọkàn tán kò pọ̀. Wọ́n ka èèyàn ní 1962, wọ́n fagi lé e. Wọ́n tún kà wá ní 1973. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed kéde pé àwọn kò ní lo àbájáde rẹ̀. Ti ìbò ńkọ́? N ò ní sọ púpọ̀, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì bọ́ọ̀lù, ojú gbangba ló wà. Gbogbo wa jọ gbọ́ ọ lórí rédíò bó ṣe parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi pẹ́ńsùlù ṣe é sẹ́yìn ìwé rẹ̀, kó sì bá ti alága àjọ eré bọ́ọ̀lù mu. Ìṣirò kan tí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́, olówó àti tálákà lè jọ yẹ̀ wò, tí kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà lóru, ohun iyebíye ni. Mo gbà pé ara ohun tó jẹ́ kí a fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta.

Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí a kà á dáadáa.

Ọdún 1977: ẹjọ́ Odiye

Ní 1977, ìpele tó kẹ́yìn ní Áfíríkà kù sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta: Nàìjíríà, Tùnísíà àti Íjíbítì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kojú ẹnì kejì nílé àti lájò, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò lọ sí Ajẹntínà. Póìǹtì 2 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí nígbà náà, kì í ṣe 3 bíi ti òde òní. Ẹni tó bá ta ọ̀mì gba 1.

A bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Tunis ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án: 0 sí 0. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, a na Íjíbítì ní 4 sí 0 ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, Íjíbítì gbẹ̀san ní Káírò: 3 sí 1. Ó wá ku ẹyọ kan fún wa, Tùnísíà, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí wọ́n lò fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ní 1973, ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá.

Ìṣirò ìgboro rọrùn: a ti ta ọ̀mì nílé wọn, nílé tiwa a ó nà wọ́n, ó tán. Ní abala kejì, bọ́ọ̀lù kan já wá sí iwájú ilé wa. Godwin Odiye, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáàbò bo ẹ̀yìn, fò sókè láti fi orí gbá a dànù. Orí náà ló fi gbá a sínú àwọ̀n wa, ó kọjá Emmanuel Okala tó ń ṣọ́lé. Bí ó ṣe parí nìyẹn: 0 sí 1. Tùnísíà ló lọ sí Ajẹntínà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti na Mẹ́síkò ní 3 sí 1, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà yóò borí níbi ìdíje Ife Àgbáyé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá dárúkọ 1977, Odiye la ń dárúkọ. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú pẹ́ńsùlù.

Kí eré ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, póìǹtì 3 la ní. Tùnísíà ní 1, ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 fún wọn. Íjíbítì ní 2, ó ku 2 fún wọn, wọ́n sì lè dé 6. Bí a bá borí lọ́jọ́ náà, 5 la ó ní. Ṣé ẹ rí i? Íjíbítì ṣì lè kọjá wa. Ìborí pàápàá kò ní sọ wá di ẹni tó ń di ẹrù Ajẹntínà lálẹ́ ọjọ́ náà. A ó ṣì máa retí ohun tí àwọn méjì tó kù yóò fi ara wọn ṣe.

Bí Odiye bá wá gbá a dànù bó ṣe fẹ́ ńkọ́, tí eré náà parí sí 0 sí 0? Àwa yóò ní 4. Lẹ́yìn náà, Íjíbítì na Tùnísíà ní 3 sí 2 ní Káírò, Tùnísíà sì na Íjíbítì ní 4 sí 1 ní Tunis. Ká ní méjèèjì ṣì parí bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ní póìǹtì 4. Íjíbítì yóò ṣubú sẹ́yìn, torí góòlù 11 ni wọ́n gbá sí wọn. Àwa ńkọ́? Góòlù 5 la gbá wọlé, wọ́n gbá 3 sí wa. Tùnísíà gbá 6 wọlé, wọ́n gbá 4 sí wọn. Ìyàtọ̀ 2 fún wa, ìyàtọ̀ 2 fún wọn, góòlù tí wọ́n gbá wọlé ló sì pọ̀ ju tiwa lọ. Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwa la ó lọ.

Ibi tí a ti kọsẹ̀ gan-an rèé: nínú ìṣẹ́jú 180 tí a fi kojú Tùnísíà, nílé wọn àti nílé wa, a kò gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kọ́ ni góòlù gbígbá. Ṣùgbọ́n góòlù tó wọlé níṣojú wa la rántí. Àwọn tí kò wọlé kò ní orúkọ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìka tọ́ka sí wọn. Báyìí ni ìtàn ṣe ń ṣe ojúsàájú: ó rọrùn láti rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ju ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ lọ.

Ọdún 1989: ọ̀mì kan péré

Fún ìdíje Ítálì 1990, a wà pẹ̀lú Kamẹrúùnù, Àngólà àti Gàbọ̀n. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò tẹ̀síwájú sí ìpele àṣekágbá ti Áfíríkà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ 1989, a na Àngólà ní 1 sí 0 ní Sùúrùlérè. Ọjọ́ náà ni Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ lórí pápá, tí kò sì dìde mọ́. Agbẹjọ́rò ni, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èrò pọ̀ jù ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn, àwọn òǹwòran kan kú pẹ̀lú.

Ìṣirò kò dúró de ọ̀fọ̀. Àwa ní póìǹtì 7, Kamẹrúùnù ní 7. Ìyàtọ̀ góòlù tiwa jẹ́ 3, tiwọn jẹ́ 2. Ó ku ẹyọ kan, ní Yaoundé, ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ. "Ọ̀mì ló kù, ọ̀mì lásán." Gbogbo ìgboro ló mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n nà wá ní 1 sí 0. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, tí Kamẹrúùnù na Ajẹntínà ní Ítálì, àwọn èèyàn wa ń sọ pé, "Ṣebí àwa ni ìbá wà níbẹ̀!"

Àbí? Ẹ ka tábìlì láti òkè. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà 1989, a lọ sí Libreville. A ti na Kamẹrúùnù ní 2 sí 0 ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ara wa ń yá gágá. Gàbọ̀n, tí kò ní ju póìǹtì 4 lọ nígbà tí ohun gbogbo parí, nà wá ní 2 sí 1. Ká ní a borí lọ́jọ́ náà, póìǹtì 9 la ó gbé lọ sí Yaoundé. Kamẹrúùnù ì bá nà wá ní 1 sí 0 náà, a ó dọ́gba ní 9, ìyàtọ̀ góòlù yóò sì gbè wá. Yaoundé la ń sọ títí di òní. Ta ló ń dárúkọ Libreville?

Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, ti òkè la kọ́kọ́ ń gbé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ti òkè kúrò tó sì lọ sílé, kò tíì mọ igi tó kọ́kọ́ wó.

Ọdún 1993: ìṣirò méjì nínú ọdún kan

Ọdún 1993 yàtọ̀, torí pé ìṣirò méjì la ń ṣe pọ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, a dìbò. Àwọn èèyàn ń ro ìbò pọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ẹnu iṣẹ́ náà ni a wà nígbà tí wọ́n dá a dúró. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ìjọba ológun fagi lé e. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tí ìbò náà ń gbè, èèyàn eré ìdárayá ni òun náà. Ó ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Abiola Babes, ó sì náwó lé eré ìdárayá lórí káàkiri Áfíríkà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá péré, ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, a kojú Àlùjíríà ní Èkó. Ẹ fojú inú wo ìlú náà nígbà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò nílò kí n ṣàlàyé. A nà wọ́n ní 4 sí 1. Ní oṣù Karùn-ún, Côte d'Ivoire ti nà wá ní 2 sí 1 ní Abidjan. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, àwọn náà wá sí Èkó, a na àwọn náà ní 4 sí 1. Ó ku Àlùjíríà nílé wọn, ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá. Ọ̀mì ni a tún nílò, bíi ti Yaoundé, ẹ̀rù Yaoundé sì ń bà wá. Finidi George gbá tiwa wọlé, àwọn náà dá a padà, ó parí sí 1 sí 1. Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ olùkọ́ wọn Clemens Westerhof.

Bí a bá tún ka ìlà tó kẹ́yìn nìkan, Finidi ló gbé wa lọ. Àmọ́ ẹ wo òkè. Póìǹtì 5 la ní, Côte d'Ivoire ní 5. Ìyàtọ̀ góòlù ló yà wá sọ́tọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò kékeré yìí fún mi. Ẹ mú un pé 1 sí 0 la fi borí lẹ́ẹ̀mejèèjì ní Èkó, dípò 4 sí 1. Góòlù tí a gbá wọlé yóò jẹ́ 4, ti Côte d'Ivoire 4. Góòlù tí wọ́n gbá sí wa yóò jẹ́ 3, tiwọn 3. Póìǹtì 5, póìǹtì 5. A ó dọ́gba pátápátá, kò sí fífi irun kan ya wá.

Ohun tó gbé wa dé Amẹ́ríkà, nígbà náà, ni àwọn góòlù tí ó dà bí àṣejù. Góòlù kẹta, góòlù kẹrin, nígbà tí a ti borí tán, tí ẹlòmíràn ìbá fẹsẹ̀ palẹ̀. Rashidi Yekini, ọmọ Shooting Stars àtijọ́, tó ṣáájú ìkọlù wa, kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ó ti tó."

Mo sì máa ń rò ó pé nínú ìṣirò méjì ọdún yẹn, èyí tí wọ́n jẹ́ kó parí ló fún wa láyọ̀. Èyí tí wọn kò jẹ́ kó parí, a ṣì ń san gbèsè rẹ̀.

Ọdún 2005: òfin tí a kò kà

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, tún dé, ní 2005. Nígbà yìí, póìǹtì 3 ni ìborí. Àwa àti Àngólà ní póìǹtì 18 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan fún kálukú. Àwa kojú Sìmbábúè ní Abùjá, Àngólà wà ní Kigali pẹ̀lú Rùwáńdà. A gbá 5 wọlé, wọ́n gbá 1 sí wa. Ní Kigali, Akwá gbá ẹyọ kan wọlé fún Àngólà nígbà tí eré ti ń lọ sópin. Àwọn náà 21, àwa náà 21.

Ìyàtọ̀ góòlù tiwa jẹ́ 14, tiwọn jẹ́ 6. Ká ní ti àtijọ́ ni, àwa la ó lọ sí Jámánì, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n fi ń yan àwọn tó ń lọ sí Ife Áfíríkà 2006, òfin tí wọ́n sì lò ni pé bí méjì bá dọ́gba, ohun tí wọ́n fi ara wọn ṣe ni a ó kọ́kọ́ wò. Ní Luanda, ní oṣù Kẹfà 2004, Àngólà ti nà wá ní 1 sí 0, Akwá yìí náà ló gbá a. Ní Kánò, ní oṣù Kẹfà 2005, a ta ọ̀mì, 1 sí 1. Ó tán.

Gbogbo góòlù tí a ń kà sórí ara wọn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, tí a ń patẹ́ sí, kò wúlò fún ohunkóhun. Ìwọ̀n tí a ń lò kọ́ ni ìwọ̀n tó wà lọ́jà. Bí obìnrin bá lọ sí ọjà Òjé tó rò pé kóńgò ni wọ́n ń fi wọn gààrí, tó bá ibẹ̀ pé abọ́ ni, ta ni yóò bínú sí? Ẹ̀bi wa ni pé a kò bèèrè òfin láti oṣù Kẹfà 2004. Yàtọ̀ sí Luanda àti Kánò, a tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Gàbọ̀n lájò, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Rùwáńdà lájò. Ká ní a borí nínú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjì yìí, póìǹtì 23 la ó ní, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Luanda.

Ọdún 2009 àti 2022

Kí ẹ má baà ní ìtàn ẹkún nìkan ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá 2009. Tùnísíà, àwọn ará ibẹ̀ yẹn náà, ní póìǹtì 11, àwa ní 9. A wà ní Nairobi pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Tùnísíà wà ní Maputo pẹ̀lú Mòsámbíìkì, ní àkókò kan náà. Etí kan gbọ́ Nairobi, etí kejì gbọ́ Maputo. Ọbáfẹ́mi Martins gbá méjì wọlé, Yakubu gbá ọ̀kan, a borí ní 3 sí 2. Ní Maputo, nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Dário Monteiro gbá ẹyọ kan sí ilé Tùnísíà. Àwa 12, Tùnísíà 11. Gúúsù Áfíríkà yá!

Gbogbo èèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Mòsámbíìkì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kan ṣáájú, ní Abùjá, Mòsámbíìkì yìí kan náà ti dì wá mú ní 0 sí 0 títí ìṣẹ́jú 90 fi pé. Ìṣẹ́jú àfikún ni Victor Obinna fi gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Láìsí góòlù yẹn, póìǹtì 7 la ó gbé lọ sí Nairobi, gbogbo ohun tí Martins bá sì ṣe níbẹ̀ kò ní mú wa ju 10 lọ. Ẹni tó gba ọpẹ́ ni ẹni tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Bí ẹ̀bi ṣe ń rìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọpẹ́ náà ń rìn.

Ní 2022, fún ìdíje ti Kàtá, kò sí tábìlì gígùn ní ìpele tó kẹ́yìn. Gánà ni, nílé àti lájò. Ní Kumasi, ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, 0 sí 0. A yọ̀ pé àbọ̀ rere ni. Ní ọjọ́ 29, ní Abùjá, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè, ó gba abẹ́ Francis Uzoho kọjá. Troost-Ekong dá a padà pẹ̀lú pẹnáritì. Ó parí sí 1 sí 1. Góòlù tí a bá gbá lájò ló wúwo jù nínú òfin tí wọ́n lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ti pa òfin náà tì ní 2021. Gánà lọ. Àwọn òǹwòran ya wọ pápá, wọ́n ba nǹkan jẹ́ ní pápá ìṣeré tó ń jẹ́ orúkọ Abíọ́lá láti 2019. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ di ẹrù lé lórí: Uzoho. Lẹ́yìn ọdún márùnlélógójì, Odiye mìíràn la tún ń wá.

Bẹ́ẹ̀ Kumasi ni ìlà àkọ́kọ́. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tó bá ta ọ̀mì 0 sí 0 lájò kò tíì jèrè. Gbèsè ló gbé wálé, torí góòlù kan ṣoṣo tí àlejò bá gbá, ìwọ ní láti gbá méjì. Èyí hàn gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá mú pẹ́ńsùlù ní alẹ́ ọjọ́ 25. Àmọ́ ijó la ń jó.

Ohun tó kù fún wa

Babaláwo mọ̀ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń dífá ọrọọrún nìyẹn. N kò ní kí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù má dífá tirẹ̀. Kí ló kù nínú ayé tí a bá mú ìrètí kúrò? Ohun tí mo ń sọ ni pé ìṣirò tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, àdúrà ni, kì í ṣe ìṣirò. Ẹ kọ tábìlì sílẹ̀ láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bèèrè òfin kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ikọ̀ kékeré kan bá fún wa ní ọ̀mì ní oṣù àkọ́kọ́, tí ẹnu gbogbo èèyàn ń sọ pé "kò séwu," ẹ fi ìdá kan sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni mo ń sọ. Orílẹ̀-èdè tó bá mọ́ lára láti wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ru ẹ̀bi ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní tún ohunkóhun ṣe. Tí ọkùnrin yẹn bá ti ru ẹrù lọ, àwọn yòókù yóò lọ sùn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún dárúkọ Godwin Odiye níwájú yín, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan péré: góòlù mélòó ni àwọn yòókù gbá wọ ilé Tùnísíà nínú ìṣẹ́jú 180?

Ó dìgbà mìíràn.